Abẹ́rẹ́ fúlúù ní Òkè-Ìlẹ̀wó: ẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́

Ìràwọ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Apá òsì mi ló gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ wọn, POS wọn gba ààbọ̀. Gbogbo ìbéèrè tó yẹ ni wọ́n bi mí kí wọ́n tó gún mi, àfi ẹyọ kan: "Mà, ọwọ́ wo lẹ fi ń ṣiṣẹ́?"

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá mi lu ọwọ́ náà, ó fi aṣọ dì í, ó fi ata kùn ún, òsì ò gbọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún kí ènìyàn, bí a ṣe ń fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bí a ṣe ń fi í jẹun níbi tí ojú bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n tó bá di ìdí ìkòkò aró, kí n rì aṣọ, kí n fà á sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí n tún rì í, òsì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Aláró ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 57. Kí n tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, mo fi ọdún mẹ́jọ kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹ bá wá rí i níwájú pé mo da ìbéèrè bo ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má bínú, àṣà tíṣà kì í tán lára ènìyàn.

Mo ní ikọ́ fée láti kékeré. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ohun tí mo pè ní ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀fìnkìn wo ló ń jẹ́ kí eegun máa ro ènìyàn bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó lù? Ọ̀fìnkìn wo ló ń mú ènìyàn gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ní ìlú tí àpáta ti ń gbóná bí ààrò láti aago mẹ́wàá àárọ̀? Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester pariwo lórí fóònù pé fúlúù ni, pé ọdọọdún ni wọ́n ń gún òun lábẹ́rẹ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́, pé kí èmi náà lọ gbà á. Mo ní ṣé wọ́n ń ta á ní Abẹ́òkúta ni? Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà béèrè."

Kò sí lára àwọn abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àpò ẹni ló ń sanwó ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta léèsì ní Sàpọ́n ló júwe ilé oògùn yìí fún mi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n kọ "Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Wà Níbí" sí ojú fèrèsé, gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ sì pé. Mo ti fẹ́ràn wọn díẹ̀ látorí ìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní ó wà. Mo ti ìsọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gun àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá ní ẹnì kan kó gbogbo ẹbí ẹ̀ wá láàárọ̀, ó ti tán. Kò sí ẹni tó rò ó pé ẹni tó béèrè lánàá lè wá lónìí. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ìkúnlẹ̀ tòótọ́, kì í ṣe èyí tí orúnkún ò kanlẹ̀ yẹn, mo sì gbà. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ Ẹtì, tèmi wà nínú fíríìjì, wọ́n ti kọ orúkọ mi lé e.

₦19,000 ni owó ẹ̀, wọ́n fi ₦500 lé e fún káàdì. POS gé owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì padà sínú àkáǹtì mi lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí èmi ti pè wọ́n nígbà mẹ́ta. Àwọn ò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ààbọ̀ ìràwọ̀ nìyẹn, mo ti kúrò níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fi fíríìjì hàn mí. Ilé oògùn mìíràn á bínú. Abẹ́rẹ́ yìí, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 °C ló gbọ́dọ̀ máa wà. Tó bá gbóná jù, agbára ẹ̀ ti ń lọ. Tó bá sì di yìnyín, ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó rí bákan náà lójú. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ìlú wa á mọ ìdí tí mo fi béèrè. Apòògùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣí i fún mi láìfajúro. Tẹmómítà wà nínú ẹ̀, 5 ló wà. Sólà ló gbé fíríìjì náà. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo wo ìwé náà fínnífínní bóyá ẹnì kan ló jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kọ gbogbo ẹ̀ (mo ti rí ìwé orúkọ kíláàsì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí). Báírò yàtọ̀ síra, ìkọ̀wé yàtọ̀ síra, ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ 9, tí wọ́n fa ìlà pupa sí i, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìlà pupa yẹn ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ara mi gbóná, bóyá abẹ́rẹ́ kan ti ṣe mí ní nǹkan rí, bóyá ẹyin máa ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí ló da abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ẹyin? Ó ní inú ẹyin adìẹ, ẹyin tí ọmọ ti ń dàgbà nínú ẹ̀, ni wọ́n ti ń sin kòkòrò náà kó lè pọ̀, kí wọ́n tó pa á fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn abẹ́rẹ́ fúlúù. Ọdún mẹ́jọ tí mo fi kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì, mi ò gbọ́ ọ rí. Ibi tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹyin ni mi ò ti rí i pé apá òsì mi ló ń fi òwú nù. Ó ti gún un tán kí n tó lajú.

Wọ́n ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n lè mójú tó mi. Orí àga yẹn ni owó mi ti pé.

Mo bi apòògùn pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ yìí fi jẹ́ ọdọọdún. Wọ́n gún mi ní ti ibà pọ́njú lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n ní ó ti parí títí ọjọ́ ayé mi. Kí ló wá ṣe fúlúù tí tirẹ̀ fi dà bí owó ẹgbẹ́? Ọmọ náà mú báírò, ó yàwòrán sẹ́yìn rìsíìtì mi. Ó ní gbogbo ara kòkòrò fúlúù ló ní nǹkan kan tó rí bí olú: orí lókè, igi ìdí nísàlẹ̀. Haemagglutinin lorúkọ ẹ̀, òun ni H tó wà nínú H1N1, orúkọ ẹ̀yà fúlúù kan. Orí yẹn ni kòkòrò náà fi ń rọ̀ mọ́ ara wa kó tó wọlé. Orí yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun inú ara wa máa ń dojú kọ, torí òun ló yọ síta. Bẹ́ẹ̀ òun ló sì ń yí padà jù. Bí kòkòrò náà ṣe ń da ara ẹ̀ kọ ló ń ṣi í kọ. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì orí ti yàtọ̀, àwọn ọmọ ogun ò dá a mọ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní oṣù Kejì fún apá àríwá ayé, ní oṣù Kẹsàn-án fún apá gúúsù. Wọ́n á wo èyí tó ń jà káàkiri, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n rò pé yóò jà lọ́jọ́ iwájú, kí àwọn tó ń ṣe oògùn lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bá rò ó síbi tó yẹ, abẹ́rẹ́ náà máa ń dín iye àwọn tí fúlúù ń gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní nǹkan bí ìpín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún tí wọ́n bá rò ó sódì, ó ń já wálẹ̀. Mo mọrírì pé kò sọ fún mi pé ọgọ́rùn-ún ni. Ọlọ́jà ni mí, mo mọ ẹni tó ń ta ọjà fún mi àti ẹni tó ń sọ òótọ́ ọjà fún mi.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ṣe abẹ́rẹ́ tó máa dojú kọ igi ìdí?"

Ojú ẹ̀ tàn bí ẹni tí mo fún lówó. Ó ní mo ti ta ẹsẹ̀ bọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá láti ọdún pípẹ́: abẹ́rẹ́ kan tí yóò bá gbogbo ẹ̀yà fúlúù wí, èyí tó ń jà lónìí àti èyí tí kò tíì dé. Igi ìdí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n orí ṣíji bò ó, ara wa kì í kà á sí.

Mo ní kó fi olú sílẹ̀. Ìjẹmọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Egúngún kan wà ní agboolé wa tó máa ń pààrọ̀ ẹ̀kú. Ọdún yìí á gbé aṣọ pupa jáde, ọdún tó ń bọ̀ àrán àti sányán. Ọmọdé ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, obìnrin ò tiẹ̀ gbọdọ̀ rò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa ọmọ inú ilé la mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ máa ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, a sì mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ń bọ̀ láti oko. A mọ̀, a ò sọ. Mo sọ fún apòògùn pé, "Aṣọ ni àwọn ọmọ ogun ara wa ń wò. Ẹ̀yin ẹ fẹ́ kọ́ wọn kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀." Ọmọ náà dìde dúró. Ó ní mà, òun máa jí ọ̀rọ̀ yìí lò. Mo ní kó kúkú yọ ₦500 káàdì kúrò. Ó rẹ́rìn-ín títí, kò yọ kọ́bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ogun náà ló wá sọ fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ torí ó dùn mọ́ mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Mount Sinai ní New York, Peter Palese, Florian Krammer, Adolfo García-Sastre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú igi ìdí kan, wọ́n gbé orí àjèjì lé e, orí fúlúù ẹran tí ara ènìyàn ò pàdé rí. Nígbà tó di abẹ́rẹ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ orí, wọ́n fi igi ìdí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀kú tuntun, ẹsẹ̀ àtijọ́. Ara á wo orí, kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ nìkan ló ti rí rí, òun ló sì máa dojú kọ. Wọ́n ti dán ìpele kìíní ẹ̀ wò lára ènìyàn, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2020, àwọn ọmọ ogun tó ń wo ẹsẹ̀ sì pọ̀ lára wọn lóòótọ́. Àwọn Scott Hensley ní Yunifásítì Pennsylvania gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò wá ẹsẹ̀ nìkan. Wọ́n kó àpẹẹrẹ haemagglutinin gbogbo ẹ̀yà 20 tí wọ́n mọ̀, orí àti igi ìdí, sínú abẹ́rẹ́ kan, irú abẹ́rẹ́ mRNA tí wọ́n fi bá kòrónà jà. Bí ẹni tó kó gbogbo ẹ̀kú ìlú sí gbangba lọ́jọ́ kan pé kí ọmọ ogun wá wò wọ́n tán. Èyí jáde ní 2022, eku àti ẹran kékeré kan tó ń jẹ́ ferret ni wọ́n sì fi dán an wò.

Láìjẹ́ pé mo béèrè, ó sọ èyí tó forí ṣánpọ́n náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì gbé tiwọn dé ìpele kẹta ìdánwò lára ènìyàn, wọ́n gún un fún àwọn ènìyàn tó lé ní 12,000, nígbà tó di 2020 wọ́n rí i pé kò dín fúlúù kù. Ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ ní 2018: kó dáàbò bo ènìyàn dé ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì lò tó ọdún kan, ó kéré tán. Mo ní ọdún kan? Ṣebí ọdún kan náà la ṣì ń gún báyìí. Ó ní, "Mà, ẹ fiyè sí 'ó kéré tán'."

Mo kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan dípò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò lé mi.

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi ni ìyá kan ń jókòó sí tó ń ta ewé àti egbò, ẹlẹ́wé ọmọ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá Ẹlẹ́wé ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí fúlúù dá mi dùbúlẹ̀, àgbo ẹ̀ ni mo mu: atalẹ̀, àyù, ọsàn wẹ́wẹ́, koríko ọba, efinrin, oyin ni à ń fi lé e. Kí n ṣe tiẹ̀ náà nígbà tí mo ti ń fún ènìyàn ní ìràwọ̀: mẹ́rin. Ó ní á ṣí imú mi, ó ṣí i. Ó ní á tu ọ̀fun mi lára, ó tù ú. Nígbà tí mo bi í bóyá á lé fúlúù lọ, ó ní, "Àgbo yìí, ara ló ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò rán an sí àrùn." Nígbà tí èémí mi fẹ́ máa ká, òun náà ló ní kí n dìde lọ sí ọsibítù kíá. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ó korò.

Mo ròyìn ẹ̀kú àti ẹsẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń ṣa ewé lọ. Ó wá ní, "Ìyá Fẹ́mi, tí fúlúù ò bá sí lára ènìyàn, níbo ló ń gbé?"

Ìbéèrè yẹn ò wá sí mi lọ́kàn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo sọ èyí tí mo mọ̀: ara àwọn ẹyẹ omi ni, pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Inú ìfun wọn ló ń wà, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ń wọ ara ẹlẹ́dẹ̀, ó ń wọ ara adìẹ, ó ń wọ ara wa. Ìyá Ẹlẹ́wé mi orí. "Ó nílé nìyẹn. Ẹni tó nílé, ẹ lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ ò lè ní kó má wà."

Mo ní Olóde ńkọ́, ṣebí ó tán? Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò jẹ́ dárúkọ ẹ̀ gan-an lójú Ìyá. Ilé tí wọ́n ti ń bọ Ọbalúayé ni wọ́n bí i sí, inú á bí i. Àmọ́ lórí ìwé mo lè kọ ọ́: ṣọ̀pọ̀ná tán, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ẹ̀ ní 1980. Bí mo ṣe ń rò ó lọ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ Ìyá bá a mu. Ṣọ̀pọ̀ná ò nílé mìíràn. Ara ènìyàn nìkan ló ń gbé, kò sí ẹyẹ, kò sí ẹran tó ń bá a tọ́jú ara ẹ̀. Wọ́n gún ènìyàn títí, kò rí ibi wọ̀ sí mọ́. Apòògùn tiẹ̀ ti fi páálí abẹ́rẹ́ mi hàn mí pé ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, pé mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà B, tí wọ́n ń pè ní Yamagata, láti oṣù Kẹta 2020 tí gbogbo ayé ti jókòó sílé nítorí kòrónà, kò sí ẹni tó tún rí i kó dájú. Àárín ènìyàn ni ẹ̀yà B máa ń gbé ní tiẹ̀, kò ní ẹyẹ omi lẹ́yìn. Mo sọ èyí fún Ìyá. Ó ní, "Ẹ ò rí i."

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo ẹ̀ tán. Dókítà Ogúntọ́lá Sápárà wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ ṣọ̀pọ̀ná nígbà ayé àwọn òyìnbó, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ló ń mú àrùn náà láti ara ẹni tó ń ṣe lọ sára ẹni tí kò ṣe, torí ogún ẹni tó bá kú, tiwọn ni. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo ń wọ adìrẹ. Ìyá pàápàá ò bò ó. Ó ní olè wà nínú wọn bí olè ṣe wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a má lùlù, kí a má péjọ nínú oòrùn, kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ọ̀tọ̀, olè kọ́ nìyẹn. Ìyá ìyá ẹ̀ sọ fún un nípa ọdún Ogun Àdùbí, ogun tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà, 1918 nìyẹn. Ogun tán, ará ìlú ò tíì sinmi, ni fúlúù bá bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sókè. Nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni wọ́n fojú bù pé ó pa jákèjádò ayé. Ìyá ò mọ iye yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ní agboolé wọn, wọ́n sin òkú mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò sì sunkún sókè.

Bí Ìyá ṣe ń gba ewé, mo ti tẹ̀ lé e lọ rí. Kì í bó èèpo igi yíká. Á bó ti ìlà-oòrùn, á bó ti ìwọ̀-oòrùn, á fi ìyókù sílẹ̀ kí igi má kú. Á kí igi náà kó tó fọwọ́ kàn án, á sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ fi ṣe oògùn fún. Tíṣà inú mi máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi ìkíni yẹn, àmọ́ ìdí aró ni wọ́n ti tọ́ mi, ìyá mi kì í jẹ́ kí a jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò nítorí Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kò sì sí aró ẹ̀ tó bàjẹ́ rí tó tèmi. Ọ̀rọ̀ kan tí Ìyá sọ lọ́jọ́ náà ni mi ò tíì rí èsì fún: "Ẹ kó adìẹ ẹgbẹ̀rún sínú yàrá kan, ẹ ò kí wọn, ẹ ò bi wọ́n. Ẹ wá ń bi ara yín pé níbo ni àìsàn adìẹ ti rí ọ̀nà wá." Mo rántí 2006. Oṣù Kejì ni wọ́n kéde fúlúù ẹyẹ H5N1 ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Kàdúná jìnnà sí wa, síbẹ̀ ní Kútọ̀ níbí ẹyin jókòó sórí àtẹ, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé abẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n tètè ṣe é, màá wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé lọ́jọ́ tó bá jáde a lè máa kó adìẹ jọ bó ṣe wù wá, kó wá bá Ìyá sọ ọ́ ní Ìtòkú, èmi á gbé àga fún un. Ọmọ Abẹ́òkúta kan tiẹ̀ ti mú irú àwọn méjèèjì yìí jókòó pọ̀ rí: Dókítà Adéoyè Lámbò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, tó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sọ́dọ̀ ará abúlé, tó sì ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Ó di igbá kejì ọ̀gá Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ẹ ò ní rí ẹlẹ́wé kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkè-Ìlẹ̀wó, ẹ ò sì ní rí apòògùn ní Ìtòkú. Àfi èmi tí mò ń wọ kẹ̀kẹ́ láàárín wọn.

Ó ku apá òsì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ara mi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fúlúù kọ́ nìyẹn, òkú kòkòrò ni wọ́n gún sí mi, kò lè dìde jà. Àwọn ọmọ ogun ló ń múra. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sọ pé kí n fún wọn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, apá náà wúwo bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Mo sì ní iṣẹ́ ogún yáàdì tó gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ Ajé fún ìgbéyàwó kan ní Ìbarà. Adìrẹ alábẹ́rẹ́ ni, ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbìyànjú láti fi ọ̀tún rì í. Ọ̀tún ò mọ ìgbà tó yẹ kó fà á sókè. Yáàdì márùn-ún àkọ́kọ́ jáde bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀ sí, kì í ṣe dúdú tí wọ́n sanwó fún. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rì ìyókù, èmi jókòó ń pàṣẹ. Mo tún márùn-ún náà rì lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí apá ti ń fúyẹ́, mo pàdánù ọjọ́ kan àti aró ìkòkò kan. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí. Nígbà tí mo pe nọ́ọ̀sì láti sọ ọ́, ó ní òsì ni wọ́n kọ́ àwọn láti máa gún torí ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn ń lò. Gbogbo ènìyàn! Mo ní kó kọ ìbéèrè náà sára fọ́ọ̀mù wọn. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti húkọ́ díẹ̀, ikọ́ sòdá àti eruku tí mo mọ̀ ni, mi ò dùbúlẹ̀.

Lánàá ni Ìyá Ẹlẹ́wé pè mí. Ó ní, "Èló lẹ pè é lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní ₦19,500 pẹ̀lú káàdì. Ó pòṣé gígùn. Ó ṣa ewé díẹ̀ sí i. Ó wá ní ṣé wọn ò lè gbé e wá sí ìsọ̀ ni, pé orúnkún òun ò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo pe apòògùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn ní kúlà tí àwọn fi ń gbé e kiri, tí a bá pé márùn-ún àwọn á wá. A ti di mẹ́ta: Ìyá, ọmọ iṣẹ́ mi, àti bàbá tó ń ta òwú níwájú wa. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìtòkú tó fẹ́, kó yà sí ìsọ̀ mi kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé ọ̀tún ni Ìyá fi ń ṣa ewé, kó gún òsì.